Ihò Tí A Lu sí Ẹ̀gbẹ́ Ọkọ̀ Bàbá

Títí di òní olónìí, bí òjò bá rọ̀ ní Lásùnwọ̀n tí omi sì kún inú ike tí mo gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi kì í gbádùn. Á máa ṣe mí bíi kí n bẹ̀rẹ̀, kí n bu omi náà, kí n sì dà á sí ẹ̀yìn èjìká mi láìwo ibi tó bọ́ sí. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá àwọn ti dàgbà tán, ó ṣì ń bá omi jà. Ohun tí ọwọ́ bá kọ́ ní kékeré, ó ṣòro kó tó gbàgbé rẹ̀. Ọdún kan péré sì ni ọwọ́ mi fi kọ́ èyí, ọdún tí mo gbé lọ́dọ̀ Bàbá àti Ìyá Àgbà, àwọn òbí ìyá mi, ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ.

Ilé wọn kò jìnnà sí ọ̀sà rárá. Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìnkùlé jáde, tó kọjá ààrò tí Ìyá Àgbà ti ń yan ẹja, tó kọjá igi àgbọn méjì tí a so okùn aṣọ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ iyanrìn tútù nìyẹn. Ilé náà kì í dákẹ́. Bí ládàánì bá ti pe ìrun àárọ̀ tán, a ó gbọ́ ikọ́ Bàbá, ẹyọ kan ṣoṣo, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun. A ó gbọ́ omi àlùwàlá tó ń dà láti ẹnu kẹ́tù. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ mi, lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Àgbà tó ń bá igi ìdáná tí kò tètè gbiná ṣépè. Lábẹ́ gbogbo ariwo yìí ni ìró ọkọ̀ Bàbá wà, tó ń fi imú kan òpó tí a so ó mọ́: kó, kó, kó. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé orogún òun nìyẹn, pé ìyàwó kékeré ló ń wá kan ilẹ̀kùn láràárọ̀ láti wá gba ọkọ òun lọ. Bàbá á kàn rọra máa rẹ́rìn-ín, á mu gàrí rẹ̀ pẹ̀lú ẹja díndín, á sì tẹ̀ lé ìyàwó kékeré lọ.

Èèyàn dákẹ́dákẹ́ ni Bàbá. Ìyá Àgbà ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì, ó sì kórìíra kí ọmọdé máa panu mọ́. Bí ebi bá ń pa mí tí mi ò sọ, bí aṣọ mi bá ya tí mo fi pa mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀: "Rìsì, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o." Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wọ̀ mí létí mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti aṣọ lásán ni.

Ọkọ̀ pákó ni ọkọ̀ Bàbá, ó sì ti gbó. Bí Bàbá bá fi òwú àti ọ̀dà dí ojú kan lónìí, omi á wá ojú mìíràn wọlé lọ́la. Kì í ṣe omi tó ń ya wọlé, á kàn máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ kí onílé mọ̀ pé òun ti dé. Èmi ni mo ń lé àlejò náà jáde. Ilé-ìwé ọ̀sán ni mo ń lọ, nítorí náà òwúrọ̀ jẹ́ tèmi àti Bàbá. Màá jókòó sáàárín ọkọ̀, igbá kékeré kan tí etí rẹ̀ ti jẹ á wà lórí itan mi, ẹsẹ̀ mi á wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí omi máa ń kọ́kọ́ jọ sí. Bí omi bá ti dé kókósẹ̀ mi, màá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ọn. Bàbá á wà ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀. Kí n tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wa ọkọ̀ tó sì máa ń gbọ́n omi, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn ti ń dun òun, òun ò lè máa bẹ̀rẹ̀ mọ́. Nítorí ẹ̀yìn yẹn ni ìyá mi ṣe fi mí ránṣẹ́ sí i láti Ìkòròdú.

Ní etí omi tiwa, ẹni tó ń gbọ́n omi kì í kọjú síwájú. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló máa ń kọjú sí, kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sùn lọ tàbí ṣubú láìjẹ́ pé èkejì mọ̀. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń jókòó. Bàbá nìkan ló yí tèmi padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ọkọ̀ ló ti ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun. Àwọn apẹja tó ń kọjá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé Bàbá àti ọmọ rẹ̀ ń jà ni. Bàbá ní, "Ọmọ ilé-ìwé ni. Ẹ jẹ́ kó máa wo ayé." Bí a bá wá ń lọ, á máa bi mí léèrè láti ẹ̀yìn.

"Rìsì, kí lo rí?"

"Ọkọ̀ kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún, Bàbá. Èèyàn méjì ló wà nínú ẹ̀."

"Ike tí a so mọ́ àwọ̀n wa ńkọ́?"

"Mo ń rí i. Èyí tó funfun ti fẹ́ rì."

"Ojú ẹ mú. Ẹja ti kó sí i nìyẹn."

Mo rò pé eré ni. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni, bí tíṣà wa ṣe máa ń na ọwọ́ sí pátákó tí yóò bi wá ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Inú mi a sì máa dùn débi pé mo tún máa ń sọ ohun tí kò bi mí: lékèélékèé mélòó ló dúró lórí òpó, ta ni ó ń fọ aṣọ ní èbúté. Mo fẹ́ràn Bàbá. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bo èyí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo èèyàn lọ nígbà náà, ìyá mi sì mọ̀, ó sì ń dùn ún.

Ìyá mi háyà yàrá kan ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, ó ń ta ẹja yíyan tí Ìyá Àgbà bá fi ránṣẹ́ sí i. Bàbá tó bí mi máa ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sókè Ọya, ìgbà díẹ̀ la sì máa ń rí i. Èmi nìkan ni ọmọ tí ìyá mi bí nígbà yẹn. Mo mọ̀ báyìí, lẹ́yìn tí mo ti bí tèmi, irú ohun tí ó jẹ́ fún un láti máa sùn nínú yàrá yẹn ní òun nìkan. Nígbà náà, ohun tí mo mọ̀ ni pé ó máa ń sọ gbolóhùn kan náà nígbàkigbà tó bá wá kí wa: "Bí Bàbá bá ti rí ohun tí yóò máa bá wọn gbọ́n omi, Rìsì ń bọ̀ nílé." Màá gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí Bàbá má rí i láé.

Bọ̀ọ̀dá Mùfú ló bá a rí i. Àbíkẹ́yìn Bàbá ni, àbúrò ìyá mi, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Ìkòròdú. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí yóò ní òun ò ní jí tí Bọ̀ọ̀dá Mùfú kò ní mú un ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n omi ń bà á lẹ́rù. Láti kékeré, bí wọ́n bá gbé e wọ inú ọkọ̀, èébì ni. Ìyá Àgbà máa ń pè é ní ọmọ apẹja tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dé pẹ̀lú àpò kan léjìká, ó sì yọ ohun kan jáde tí kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ, wáyà pupa àti dúdú ń jáde lára rẹ̀.

"Bàbá, pọ́ǹpù rèé. Bí omi bá ti wọnú ọkọ̀, òun lá máa fà á síta."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ nu ojú nítorí èéfín, ó sún mọ́ ọn. "Kí ni òun ń jẹ?"

"Bátìrì ni, Ìyá mi."

"Ó ti sàn ju Rìsì lọ. Rìsì ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó sì tún ń jí ẹja lórí ààrò."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Mùfú ní ọ́tò ni, pé kò sí pé ẹnì kan ń tẹ nǹkan kan: ohun pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò léfòó bí omi bá ti pọ̀, tí yóò tan pọ́ǹpù, tí yóò sì tún pa á bí omi bá tán. Ó tún wò mí, ó ní, "Àǹtí mi ní kí n sọ fún yín pé bí iṣẹ́ yìí bá ti parí, àwọn ń bọ̀ wá mú Rìsì lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó ń bọ̀." Mo gbé ìgbálẹ̀, mo lọ gbá ibi tí mo ti gbá.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi pọ́ǹpù náà sí i. Bàbá ti dojú ọkọ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ti ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Ìlà àwọ̀ ewé tí omi máa ń fà sí ara ọkọ̀, tí ènìyàn fi lè mọ ibi tí omi ń gùn dé bí ẹrù bá wà nínú rẹ̀, ti wà lábẹ́ ọ̀dà. Dúdú kìrìmù ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Mùfú kan pọ́ǹpù mọ́lẹ̀ ní ibi tó jìn jù lọ, ìyẹn ni ibi tí ẹsẹ̀ mi máa ń wà. Ó gé kẹ́ẹ̀gì kan, ó gbé bátìrì sínú rẹ̀, ó tì í sábẹ́ ìjókòó Bàbá. Ó ku rọ́bà tí omi yóò gbà jáde, rọ́bà náà sì gbọ́dọ̀ ní ihò tí yóò yọ ẹnu sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ti ọkọ̀ wọ omi láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀, òun náà dúró létí omi níbi tí kò ti kọjá orúnkún. Ó wo ibi tí omi dé, ó wọn ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sókè omi, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ṣe àmì.

Bàbá ní, "Ọkọ̀ yìí máa ń wọlẹ̀ bó bá lẹ́rù o, Mùfú."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo ti fi àyè sílẹ̀."

Bàbá na ọwọ́, ó fi pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó wá yíjú sí ibi tí mo dúró sí. "Rìsì, ìwọ lò ń jókòó níbẹ̀. Ṣé ibí yìí dára?"

Mo wo àmì náà. Bí ẹja bá kún ọkọ̀ Bàbá, mo lè jókòó sí àyè mi kí n kàn so ọwọ́ sí ìta, ìka mi á máa kan omi láìtẹ̀ba. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn wà nísàlẹ̀ ibi tí ìka mi máa ń dé; abẹ́ omi ni yóò wà bí ẹja bá kún ọkọ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gbé ihò náà sókè, pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́, èmi á sì lọ sí Ìkòròdú. Ohun tí mo rò, ìrònú ọmọdé ni: mo rò pé pọ́ǹpù á kàn da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á yọ ọ́ dànù, wọ́n á sì gbé igbá mi fún mi padà. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé Bàbá ni yóò wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Ó dára, Bàbá."

Bàbá sì mi orí sí Bọ̀ọ̀dá Mùfú. Wọ́n fa ọkọ̀ sókè, Bọ̀ọ̀dá Mùfú gbé irin ìlugi káfíńtà, ó sì ń yí i títí tí èérún pákó fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí iyanrìn. Mo ka ìgbà tó yí i. N kò lè sọ iye rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo rántí pé gbogbo bó ṣe ń yí i ni mo ń rò ó pé mo ṣì lè sọ ọ́.

Pọ́ǹpù náà ṣiṣẹ́. Kí n má purọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n da korobá omi mẹ́ta sínú ọkọ̀, ó kùn ùnùnùn, omi sì ń tọ̀ síta láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ jòjòló. Àwọn ọmọdé àdúgbò pàtẹ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá Mùfú padà sí Ìkòròdú pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹja kò pọ̀ ní àkókò náà, ọkọ̀ kì í sì wọlẹ̀, nítorí náà ihò yẹn ń dúró gbẹrẹfu lókè omi lójoojúmọ́. Bàbá ṣì ń mú mi dání, ó ní kí n wá jókòó kí ọkọ̀ má baà fì. Màá jókòó bí ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ ilé ọkọ, láìṣe nǹkan kan. Bí mo ṣe ń rí i tó ń ṣiṣẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé bóyá mo ṣì ìwọ̀n ọwọ́ mi, pé bóyá kò sí irọ́ tí mo pa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí ìyá mi máa dé, Ìyá Àgbà se ìkọ́kọrẹ́, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ, mo sì fi ìka yí i ká inú abọ́. Ó wò mí títí.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ẹni tó bá dákẹ́..."

"Tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," mo bá a parí rẹ̀, mo sì dákẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun pa ẹja tí ìyá mi yóò gbé lọ. Mo gbé igbá mi dání. Mo fẹ́ tì í sábẹ́ ìjókòó rẹ̀ láìsọ fún un, kó lè bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí mo bá ti lọ. Òjò ti rọ̀ lókè odò ní ọ̀sẹ̀ náà, omi ọ̀sà sì ti yí àwọ̀. Bí a ṣe fa àwọ̀n àkọ́kọ́, òbòkun. Èkejì, òbòkun àti epìyà. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé ẹja náà ti gbọ́ pé ọmọ òun ń lọ. Nígbà tí a fa àwọ̀n kẹta tán, ẹja ti yí mi ká títí dé itan, mo sì so ọwọ́ mi sí ìta. Ìka mi kan omi.

N kò gbọ́ ìgbà tí pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀. Pọ́ǹpù ń kùn, ó ń kùn, kò dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Omi dé kókósẹ̀ mi. Ó gùn dé agbede-méjì ojúgun mi. Lẹ́yìn náà ni ìkùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó wúwo, ó sì kú. Bátìrì ti mu omi. Láti ẹnu rọ́bà tó yẹ kó máa da omi síta ni ọ̀sà ti ń da ara rẹ̀ sínú ọkọ̀ wa.

"Rìsì, omi ń kan ẹsẹ̀ mi. Ibo ló ti ń wọlé?"

"Ihò ni, Bàbá! Ihò pọ́ǹpù! Ó ti wọ abẹ́ omi!"

Bàbá ju àjẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó ká a, ó wá síwájú lórí eékún láti fi dí i, ó sì na ọwọ́. Ọwọ́ náà lọ sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Ó pa pákó náà síwá, ó pa á sẹ́yìn. Rọ́bà funfun náà wà níbẹ̀ gbangba, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan sí i lọ, ọwọ́ Bàbá sì ń wá a kiri bí ẹni tó ń wá ìṣáná nínú òkùnkùn. Oòrùn sì wà lókè wa. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo gbé e lé ibẹ̀. Ó fa rọ́bà náà yọ, ó ki fìlà bọ inú ihò, ó sì fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í mọ́ ọn.

"Da ẹja nù," ó ní. "Lẹ́yìn náà, gbọ́n omi."

Mo fi apá méjèèjì kó ẹja ìyá mi padà sí ilé wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, mo gbé igbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n. Mo ti kọjú sí Bàbá láti di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì sí àyè láti yíra padà, nítorí náà ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó bí gbogbo àwọn tó ń gbọ́n omi ṣe ń jókòó, ojú mi sí ojú Bàbá. Nílé, ilẹ̀ ló máa ń wò bó bá ń bá wa sọ̀rọ̀, a sì ń pè é ní ìwà pẹ̀lẹ́. Nísinsìnyí, oòrùn tàn sójú rẹ̀, mo sì rí i pé ẹyinjú méjèèjì ti funfun bí ojú ẹja tó ti jinná. Gbogbo "kí lo rí" ọdún yẹn padà sí mi létí lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe eré.

Mo bú sẹ́kún. Mo ń gbọ́n omi, mo ń sunkún. "Bàbá, mo mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bi mí, mo mọ̀ pé ó ti wà nísàlẹ̀ jù. Mi ò kàn fẹ́ lọ ni."

Ó tún tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ fìlà. "Ẹ̀yìn ò dùn mí rí, Rìsì," ó ní. "Ojú ni. Kí o tó dé ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ, wọn ò ní jẹ́ kí n wọ omi mọ́, èmi náà ò sì fẹ́ lọ."

Igbá dúró lọ́wọ́ mi.

"A jọ purọ́ ni," ó ní. "Gbọ́n omi."

A gúnlẹ̀. Nígbà tí omi inú ọkọ̀ dínkù, ó fi ẹsẹ̀ kan ti fìlà mọ́ ihò, ó mú àjẹ̀, èmi sì ń sọ ọ̀nà fún un: ọ̀tún díẹ̀, Bàbá, ó ti tó, òpó wa rèé. Ìyá mi ti dé, òun àti Ìyá Àgbà dúró sétí omi. Ìyá Àgbà rí orí Bàbá ní òfìfo, ó sì kígbe: "Bàbá Mùfú, fìlà yín dà?" Bàbá ní, "Ó wà lẹ́nu iṣẹ́." Ó wá jókòó sórí etí ọkọ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé òun kò ríran mọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi, kò mẹ́nu bà á. Ó ní Rìsì ló gba òun là, ó sì fẹ́ fi í mọ síbẹ̀. Èmi ni mi ò lè gbé e mì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú wọn. Ìyá mi kò nà mí. Ì bá nà mí, ì bá dùn mọ́ mi. Ó kàn jókòó sórí iyanrìn, ó ní, "Ṣé bí ilé mi ṣe korò lẹ́nu ẹ tó nìyẹn?" Mo ti ń dáhùn ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ náà wá, pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ kọjá lára wa. Ó lọ dúró ti Bàbá, ó di ojú rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó ń wo inú ẹyinjú rẹ̀. "A jọ ń sùn nínú yàrá kan," ó ní. "A jọ ń sùn nínú yàrá kan, ẹ sì jẹ́ kí n máa fi òrí pa ẹ̀yìn yín." Ẹni tí kì í jẹ́ kí ọmọdé dákẹ́, ọkọ rẹ̀ ti dákẹ́ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo lọ sí Ìkòròdú, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan. Bàbá bá wa lọ. Wọ́n yọ ohun funfun náà kúrò lójú rẹ̀ ní ọsibítù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì bá wa gbé nínú yàrá kan yẹn ní Lásùnwọ̀n títí òjò fi dá. Ìyá mi ń tọ́jú rẹ̀, èmi sì ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Oorun kì í kùn ún. Ó ní ibẹ̀ ti dákẹ́ jù. Ìgbà tí mo mọ ohun tí etí rẹ̀ ń wá, mo mú ṣíbí onígi, mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀ lọ́sàn-án, mo ń fi kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì: kó, kó, kó. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú báńdéèjì lójú, kò sì pẹ́ tó fi sùn lọ.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, gbogbo wa padà sí Ẹ̀pẹ́. Bọ̀ọ̀dá Mùfú ti gbẹ́ igi kan dí ihò àtijọ́, ó sì ti ra bátìrì mìíràn. Ojú rẹ̀ kò gbé e láti wo Bàbá. Ó ní kí Bàbá fúnra wọn fi ibi tí ihò tuntun máa wà han òun. Bàbá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ríran nígbà yẹn, ó ríran ju èmi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló ti dúró sétí omi tó ń ka lékèélékèé tó wà ní òdìkejì fún mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fo ọ̀kan. Ó fa àmì sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó wò ó dáadáa. Ó wá yíjú sí mi, níwájú ìyá mi, níwájú Bọ̀ọ̀dá Mùfú, níwájú Ìyá Àgbà tó ń fẹ́ iná.

"Rìsì, ìwọ lò ń jókòó níbẹ̀. Ṣé ibí yìí dára?"

Mo wọ inú ọkọ̀. Mo jókòó sí àyè mi, mo sì kọjú sí i. Mo so ọwọ́ mi sí ìta, mo wo ibi tí ìka mi dé.

"Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ẹ gbé e sókè sí i."

Ó fi àtàǹpàkò nu àmì náà kúrò, ó sì gbé e sókè.